Ìdúnàádúrà Àmúyẹ Láàárín Dráífà àti Ẹ̀rọ Virtio, Láti Reset Títí Dé DRIVER_OK

Nígbà tí mo kọ dráífà nẹ́tíwọ́ọ̀kì virtio àkọ́kọ́ (dráífà ni ètò tí kẹ́nẹ́lì, ìyẹn ọkàn sísítẹ̀mù, fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀) fún kẹ́nẹ́lì kékeré kan tí mo ń ṣe fúnra mi, gbogbo nǹkan dà bí ẹni pé ó ń lọ déédéé. Packet (ìdìpọ̀ dátà) ń wọlé, interrupt (ìpè ẹ̀rọ sí kẹ́nẹ́lì) ń dé, ìlà iṣẹ́ (queue) kò dí. Àmọ́ kò sí packet kan ṣoṣo tó nítumọ̀. Àdírẹ́sì MAC tó yẹ kó ṣíwájú ti sún sẹ́yìn pẹ̀lú báìtì méjì, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e sì sún bákan náà. Mo tú kóòdù tó ń ka ìlà wò láti òkè délẹ̀, mo tún un kọ lẹ́ẹ̀mejì, pàbó ló já sí. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ibi tí èmi àti ẹ̀rọ náà ti ṣe àdéhùn ni mo ti ṣì í: mo gba bíìtì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 32, `VIRTIO_F_VERSION_1` (àmì pé ẹ̀dà 1 virtio la ó lò), láìmọ̀ pé bí mo ṣe gbà á ni àkọlé tó ń ṣáájú packet kọ̀ọ̀kan ti kúrò ní báìtì 10, ó ti di báìtì 12.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ dráífà virtio pé kó fara balẹ̀ síbi àdéhùn yìí ju ibi mìíràn lọ. Bíìtì tí dráífà bá ti gbà ti di ìlérí. Bí kóòdù tó máa mú ìlérí náà ṣẹ kò bá tíì sí, ẹ má gbà á, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ fani mọ́ra tó.

Ohun tí à ń dúnàádúrà lé lórí

Ẹ̀rọ virtio jẹ́ ẹ̀rọ àfarawé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ètò kan lórí olùgbàlejò (kọ̀ǹpútà gidi), irú bíi QEMU, ló ń ṣe bíi dísíìkì tàbí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún kẹ́nẹ́lì àlejò (èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà àfarawé). Rusty Russell ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ó wọ inú Linux ní ẹ̀dà 2.6.24 lọ́dún 2008, OASIS, ẹgbẹ́ tó ń ṣe òfin àjùmọ̀lò, ló sì ń tọ́jú ìwé òfin rẹ̀ báyìí. Ẹ̀dà 1.1 jáde lọ́dún 2019, ẹ̀dà 1.2 lọ́dún 2022.

Olùgbàlejò àti àlejò kì í sábà dàgbà pọ̀. Kẹ́nẹ́lì àtijọ́ lè bá ara rẹ̀ lórí QEMU tuntun, tuntun náà sì lè bá ara rẹ̀ lórí àtijọ́. Kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn yé, ẹ̀rọ máa ń fi àwọn àmúyẹ rẹ̀ lọ dráífà gẹ́gẹ́ bí bíìtì, dráífà á sì mú èyí tó bá mọ̀ nínú wọn. Bíìtì 0 sí 23 jẹ́ ti irú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kan náà kì í sì í ní ìtumọ̀ kan náà níbi gbogbo. Bíìtì 5 lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń sọ pé ẹ̀rọ ní àdírẹ́sì MAC tirẹ̀. Lórí dísíìkì, bíìtì 5 yìí kan náà ń sọ pé dísíìkì náà kò ṣeé kọ nǹkan sí. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní 24 tí wọ́n sì kọjá 32 lọ jẹ́ ti ìlà iṣẹ́ àti ti àdéhùn fúnra rẹ̀: 28 fún descriptor (àkọsílẹ̀ tó ń tọ́ka sí dátà nínú mẹ́mórì) onípele, 29 fún `EVENT_IDX`, 32 fún `VERSION_1`, 33 fún `ACCESS_PLATFORM`, 34 fún irú ìlà tí wọ́n ń pè ní packed.

Dísíìkì lórí virtio-mmio, níbi tí à ń kan rẹ́jísítà ẹ̀rọ (àyè kékeré tí à ń kọ nǹkan sí tàbí kà) bí ẹni ń kan mẹ́mórì, ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé rẹ́jísítà rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó bá ń lo PCI, ọ̀nà mìíràn tí ẹ̀rọ fi ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, yóò rí àwọn rẹ́jísítà yìí kan náà nínú common configuration, ìlànà wọn kò sì yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ohun tí kóòdù yín lè ṣe sílẹ̀

Kí ẹ tó fọwọ́ kan rẹ́jísítà kankan, ẹ kọ bíìtì tí dráífà yín mọ̀ ọ́n lò sí ojú kan. Ẹ má tú wọn ká sínú kóòdù.

```c
#define AMUYE(n)  (1ULL << (n))

static const uint64_t mo_le_se =
      AMUYE(32)    /* VERSION_1 */
    | AMUYE(6)     /* BLK_SIZE  */
    | AMUYE(9);    /* FLUSH     */
```

Ẹ kíyè sí `1ULL` yẹn. Bí ẹ bá kọ `1 << 32`, nọ́ńbà onbíìtì 32 ni C máa lò, ohun tó bá sì jáde kò ní ìdánilójú kankan nínú òfin èdè náà. Mo ti rí dráífà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà kan, tí kò sì rí `VERSION_1` rárá lórí òmíràn, nítorí lẹ́tà mẹ́ta tó sọnù yìí.

Fún dráífà tuntun, mo fẹ́ kí àkọsílẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bíìtì 32 nìkan. Dísíìkì á ṣiṣẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà á ṣiṣẹ́. Ìgbà tí ìyẹn bá ti dúró gbọn-in ni kí ẹ máa fi àwọn yòókù kún un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ 2: Reset, kí ẹ sì fi ara yín hàn

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀rọ ti virtio ni lóòótọ́. Ní ipò 0x000, ẹ gbọ́dọ̀ bá 0x74726976, èyí tó jẹ́ lẹ́tà "virt". Ní 0x004, nọ́ńbà ẹ̀dà gbọ́dọ̀ jẹ́ 2. Bí ẹ bá rí 1 níbẹ̀, ti àtijọ́ lẹ bá pàdé, àwọn ìgbésẹ̀ tó wà níhìn-ín kò sì ní bá a mu. QEMU máa ń fún virtio-mmio ní ẹ̀dà àtijọ́ yìí bí ẹ kò bá sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀:

```
-global virtio-mmio.force-legacy=false
```

Ọ̀pọ̀ ló ti wá àṣìṣe kiri nínú kóòdù tiwọn nígbà tó jẹ́ pé ìlà kan yìí ni wọn kò kọ. Ní 0x008 lẹ ti máa rí irú ẹ̀rọ náà: 1 ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì, 2 ni dísíìkì, 3 ni console, 4 ni ẹ̀rọ tó ń mú nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ jáde. Òdo túmọ̀ sí pé àyè náà ṣófo. Ẹ kàn kọjá.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ 0 sí rẹ́jísítà ipò, tó wà ní 0x070, kí ẹ sì máa kà á títí yóò fi dá 0 padà fún yín. Ìyẹn ni reset, dídá ẹ̀rọ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá fi bíìtì ACKNOWLEDGE, tí iye rẹ̀ jẹ́ 1, kún un, kí ẹ tó fi DRIVER, tí iye rẹ̀ jẹ́ 2, kún un. Èkíní ń sọ pé ẹ ti rí ẹ̀rọ náà, èkejì ń sọ pé ẹ mọ bí a ṣe ń wà á. Ẹ máa fi kún ohun tó wà nílẹ̀ ni o. Ẹ kò gbọ́dọ̀ pa bíìtì tí ẹ ti gbé sókè rẹ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ka ohun tí ẹ̀rọ fi lọ̀ yín, apá méjèèjì

Rẹ́jísítà kò gbà ju bíìtì 32 lọ lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ àmúyẹ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì là ń kà á: ẹ kọ 0 sí rẹ́jísítà tó ń yan apá, kí ẹ ka ìsàlẹ̀, ẹ kọ 1, kí ẹ ka òkè.

```c
static uint64_t ka_amuye(volatile uint32_t *r)
{
    uint64_t isale, oke;

    r[0x14 / 4] = 0;  isale = r[0x10 / 4];
    r[0x14 / 4] = 1;  oke   = r[0x10 / 4];
    return isale | (oke << 32);
}
```

Ẹni tó bá gbàgbé apá òkè kò lè rí bíìtì 32 láé. Dráífà rẹ̀ á wá máa rò pé gbogbo ẹ̀rọ tó bá pàdé ló jẹ́ ti àtijọ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yan, pẹ̀lú ìfarabalẹ̀

Ìpìlẹ̀ yíyàn kò le: ohun tí ẹ̀rọ fi lọ̀ yín `&` ohun tí kóòdù yín mọ̀. Dráífà kò gbọ́dọ̀ gba ohun tí a kò fi lọ̀ ọ́. Bí iṣẹ́ náà bá mọ síbẹ̀, ǹ bá má kọ ìtọ́sọ́nà yìí.

Bíìtì kò dọ́gba. Mo máa ń pín wọn sí ọ̀nà méjì lọ́kàn mi, ìpín yìí ló sì ti gbà mí lọ́wọ́ wàhálà jù. Àwọn kan ń fún dráífà ní ẹ̀tọ́ láti ṣe nǹkan, kò sì pọn dandan kó ṣe é. Bíìtì 28, descriptor onípele, jẹ́ ọ̀kan. Ẹ gbà á tán, ẹ kò lò ó, kò sí ohun tó bàjẹ́. Àwọn kejì ń gbé iṣẹ́ lé dráífà lọ́rùn láti ìṣẹ́jú tó ti gbà wọ́n. Àwọn wọ̀nyí ló ń pa kẹ́nẹ́lì lára.

Ẹ wo bíìtì 9 lórí dísíìkì, FLUSH. Ẹni tó bá rí orúkọ rẹ̀ lè rò pé àfikún rere ni, kó gbà á kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí gbígbà á ń sọ fún ẹ̀rọ rèé: "Mo mọ bí a ṣe ń sọ fún ọ pé kí o kó ohun tó wà nínú cache (ìpamọ́ onígbà díẹ̀) sórí dísíìkì. O lè dá mi lóhùn pé iṣẹ́ ti parí kí dátà náà tó dé ibi tó máa sùn sí. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ ìdánilójú, màá béèrè." Láti ìgbà náà lọ, bí dráífà kò bá fi ìbéèrè irú 4, `VIRTIO_BLK_T_FLUSH`, ránṣẹ́ nígbà tí fáìlì sísítẹ̀mù bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, dátà tí kẹ́nẹ́lì rò pé ó ti wà ní ìpamọ́ lè pòórá bí iná bá lọ lójijì lórí olùgbàlejò. Bí dráífà bá sì fi bíìtì 9 sílẹ̀ láìgbà, QEMU á yí padà sí kíkọ tààrà: kò ní sọ pé ìkọ̀wé kan ti parí àfi tó bá ti dé ìpamọ́ lóòótọ́. Á lọ́ra díẹ̀, àmọ́ kò séwu. Ẹ rí i pé dráífà tí kò mọ nǹkan kan nípa FLUSH dára ju èyí tó gbà á tí kò lò ó lọ. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí lọ́kàn, torí dátà ẹlòmíràn ni dráífà wa ń gbé.

Bíìtì 29, `EVENT_IDX`, tún jẹ́ irú rẹ̀. Bí ẹ bá gbà á, ẹ̀rọ kò ní wo flag mọ́ láti mọ ìgbà tó yẹ kó rán interrupt. Nọ́ńbà tí ẹ bá kọ sínú `used_event` ló máa wò. Bí ẹ bá gbàgbé láti máa sún nọ́ńbà yẹn síwájú, interrupt kan á dé lẹ́yìn iṣẹ́ àkọ́kọ́, ìdákẹ́rọ́rọ́ á sì tẹ̀ lé e títí nọ́ńbà onbíìtì 16 náà yóò fi yí po. Bí dráífà yín bá ń gba interrupt ẹyọ kan ṣoṣo, tó wá kú, ibí yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Bíìtì 22 lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, MQ, ń yí ipò nǹkan padà láìsọ̀rọ̀. Láìsí i, ìlà ìdarí, èyí tí à ń fi pàṣẹ fún ẹ̀rọ, wà ní nọ́ńbà 2. Bí ẹ bá gbà á, tí ẹ̀rọ sì ní ìlà ìgbà-àti-ìfiránṣẹ́ mẹ́rin ní méjì-méjì, ìlà ìdarí ti sún lọ sí nọ́ńbà 8, bí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ lo ẹyọ kan péré nínú wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àwọn bíìtì tó gbára lé ara wọn. CTRL_RX, bíìtì 18, kò ní ìtumọ̀ láìsí CTRL_VQ (ìlà ìdarí), bíìtì 17. MQ náà nílò CTRL_VQ. GUEST_TSO4, bíìtì 7, nílò GUEST_CSUM, bíìtì 1. Ojúṣe ẹ̀rọ ni pé kó má fi ọmọ lọ̀ láìfi ìyá lọ̀, àmọ́ ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ dráífà yín gan-an ni kò mọ ìyá. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti yan:

```c
if (!(gba & AMUYE(17)))                  /* kò sí CTRL_VQ */
    gba &= ~(AMUYE(18) | AMUYE(22));
if (!(gba & AMUYE(1)))                   /* kò sí GUEST_CSUM */
    gba &= ~AMUYE(7);
```

Ní àsìkò yìí, òfin gbà yín láyè láti ka àyè ètò ẹ̀rọ náà (ibi tí ẹ̀rọ kọ iye àwọn nǹkan rẹ̀ sí) kí ẹ tó pinnu, ṣùgbọ́n kò gbà yín láyè láti kọ nǹkan sí i. Dráífà `virtio_net` inú Linux ń lo àyè yìí dáadáa: bí ẹ̀rọ bá fi MTU (ìwọ̀n packet tó tóbi jù), bíìtì 3, lọ̀ ọ́, tí iye tó kọ síbẹ̀ sì kéré ju 68 lọ, dráífà náà á yọ bíìtì náà kúrò, á sì máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé a kò fi lọ̀ ọ́. Ọ̀nà tó bójú mu láti fi ọ̀rọ̀ tí kò mọ́gbọ́n dání sílẹ̀ nìyẹn.

Kí ló kù? Àwọn bíìtì tí ẹ kò lè ṣe láìní. Bí kóòdù yín bá jẹ́ ti ẹ̀dà 1 nìkan, tí bíìtì 32 kò sì sí nínú ohun tí a fi lọ̀ yín, ẹ dúró síbẹ̀. Ní ti bíìtì 33, `ACCESS_PLATFORM`, ẹ̀rọ tó bá fi lọ̀ ń sọ pé òun kò ní lo àdírẹ́sì mẹ́mórì tí ẹ bá fún òun ní tààrà, IOMMU, ohun tó ń túmọ̀ àdírẹ́sì fún ẹ̀rọ, ló wà láàárín. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti má bá dráífà tí kò bá gbà á ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ dáhùn, ẹ gbé FEATURES_OK sókè, ẹ tún un kà

```c
uint64_t gba = ka_amuye(r) & mo_le_se;

if (!(gba & AMUYE(32)))
    goto kuna;

r[0x24 / 4] = 0;  r[0x20 / 4] = (uint32_t)gba;
r[0x24 / 4] = 1;  r[0x20 / 4] = (uint32_t)(gba >> 32);

r[0x70 / 4] |= 8;                  /* FEATURES_OK */
if (!(r[0x70 / 4] & 8))
    goto kuna;

d->amuye = gba;
```

Ìlà tó tún ipò kà lẹ́yìn tó ti kọ 8 sí i ni ọ̀pọ̀ ń fò. Ẹ̀rọ kò lè yọ bíìtì kan nínú ìdáhùn yín kó sì sọ fún yín. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó ní láti kọ̀ ni kó má jẹ́ kí FEATURES_OK dúró. Bí ẹ kò bá kà á padà, ẹ kò ní mọ̀ pé ó ti kọ̀, ẹ ó sì máa to ìlà sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tí kò ní dá yín lóhùn. Síbẹ̀, ẹ má retí pé ẹ̀rọ ni yóò máa ṣọ́ yín. Bí ẹ bá gba bíìtì tí kò fi lọ̀ yín, ó lè jù ú nù láìwí nǹkan kan, kó jẹ́ kí FEATURES_OK dúró, kí dráífà wá máa ṣe bí ẹni pé wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan.

Ẹyin lohùn: bí FEATURES_OK bá ti dúró, kò sí àfikún, kò sí àyọkúrò mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ yí ọkàn padà gbọ́dọ̀ ṣe reset, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ kejì.

Ibi tó máa ń bọ́ sí bí nǹkan kò bá lọ déédéé, `kuna`, gbọ́dọ̀ fi 128, FAILED, kún ipò. Ẹ tẹ ìdí rẹ̀ jáde, kí ẹ sì tẹ ohun tí ẹ̀rọ fi lọ̀ àti ohun tí ẹ gbà ní nọ́ńbà onípò 16. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá mú ẹ̀sùn wá, nọ́ńbà méjèèjì yìí lẹ máa kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ tún wo ìlà tó kẹ́yìn. Inú `d`, ìyẹn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ni mo tọ́jú àbájáde sí. Bí ẹ bá fi sínú ohun kan ṣoṣo tí gbogbo ẹ̀rọ ń pín lò, ọjọ́ tí dísíìkì kejì bá dé tí àmúyẹ rẹ̀ sì yàtọ̀, ti èkíní á bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ tò ó bí ẹ ṣe ṣe àdéhùn

Láti ibí yìí lọ, `d->amuye` ni kóòdù yín gbọ́dọ̀ máa wò. Kò gbọ́dọ̀ wo ohun tí ẹ̀rọ fi lọ̀ mọ́. Bí bíìtì 6, BLK_SIZE, bá wà nínú rẹ̀, ẹ ka ìwọ̀n bulọ́ọ̀kù láti inú àyè ètò. Bí kò bá sí, báìtì 512 ni kí ẹ lò. Iye tó wà nínú `capacity`, ní tirẹ̀, ẹ̀ka oní báìtì 512 ló fi ń kà nígbà gbogbo, BLK_SIZE kì í yí i padà.

Bí ẹ bá ń ka iye tó ju ẹyọ kan lọ papọ̀, ẹ ka nọ́ńbà ìran ètò (config generation) ṣáájú, ẹ tún un kà lẹ́yìn. Bí ó bá ti yí padà, ẹ tún gbogbo rẹ̀ kà. Ẹ wá to àwọn ìlà, ẹ fi 4, DRIVER_OK, kún ipò, ìgbà yẹn lẹ tó lè kan ilẹ̀kùn ẹ̀rọ (notify) fún iṣẹ́ àkọ́kọ́. Kíkan ilẹ̀kùn ṣáájú DRIVER_OK lòdì sí òfin.

Bí ẹ bá ń kọ ọ́ fún Linux

Linux ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí fún yín. Àtẹ lẹ máa fún un:

```c
static unsigned int amuye[] = {
    VIRTIO_BLK_F_BLK_SIZE,
    VIRTIO_BLK_F_FLUSH,
};

static struct virtio_driver dirafa = {
    .driver.name        = "dirafa_mi",
    .id_table           = id_table,
    .feature_table      = amuye,
    .feature_table_size = ARRAY_SIZE(amuye),
    .validate           = se_ayewo,
    .probe              = bere,
    .remove             = mu_kuro,
};
```

`VERSION_1` kò sí nínú àtẹ yẹn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Láti bíìtì 28 sókè, kóòdù àárín ti virtio ló ń bójú tó àwọn bíìtì ìlà àti ti ọ̀nà ìgbékalẹ̀. `virtio_dev_probe` á ka ohun tí ẹ̀rọ fi lọ̀, á fi àtẹ yín sẹ́ ẹ, á pe `validate`, á gbé FEATURES_OK sókè, á kà á padà, lẹ́yìn náà ni á tó pe `probe`. Ìtò yìí ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá fẹ́ yọ bíìtì kan kúrò, inú `validate` ni kí ẹ ti lo `__virtio_clear_bit`. Tó bá fi di inú `probe`, ẹ ti pẹ́ jù. Ẹ̀rọ ti gbọ́ ìdáhùn yín.

Láti béèrè bóyá bíìtì kan wà nínú àdéhùn, `virtio_has_feature` ni. Bí ẹ bá bi í léèrè nípa bíìtì irú ẹ̀rọ tí ẹ kò kọ sínú àtẹ yín, kò ní dáhùn pé kò sí. BUG ni yóò fi dá kẹ́nẹ́lì dúró. Ó le, àmọ́ mo fara mọ́ ọn: àṣìṣe náà hàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ kọ ọ́. Fún iye inú àyè ètò tó so mọ́ bíìtì kan, ẹ lo `virtio_cread_feature`. Ó máa ń wo bíìtì náà fúnra rẹ̀, ó sì máa ń dá `-ENOENT` padà bí kò bá sí nínú àdéhùn.

Ẹ rántí pé dráífà kẹ́nẹ́lì náà lè ti gba ẹ̀rọ náà ṣáájú tiyín. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ, bíi `virtio0`, sí `/sys/bus/virtio/drivers/virtio_blk/unbind` kí ó lè jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé dísíìkì tí sísítẹ̀mù ń lò lọ́wọ́ kọ́ ni.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò

Ohun méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò lórí Linux:

```
cat /sys/bus/virtio/devices/virtio0/status
cat /sys/bus/virtio/devices/virtio0/features
```

Àkọ́kọ́ yẹ kó jẹ́ `0x0000000f`: 1, 2, 8 àti 4 papọ̀. Bí ẹ bá rí 0x80 nínú rẹ̀, dráífà ti kọsẹ̀. Bí ẹ bá rí 0x40, ẹ̀rọ ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a ṣe reset òun. Èkejì jẹ́ okùn 0 àti 1, bíìtì 0 ló wà lápá òsì pátápátá. Torí náà `cut -c10` ló máa fi bíìtì 9 hàn yín, torí 1 ni `cut` ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ìdánwò tó ń mú àṣìṣe jáde jù ni kí ẹ máa pa àmúyẹ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ olùgbàlejò:

```
-device virtio-blk-pci,drive=d0,disable-legacy=on,event_idx=off,indirect_desc=off
-device virtio-net-pci,netdev=n0,disable-legacy=on,mrg_rxbuf=off,ctrl_vq=off,mq=off
```

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ọ̀kan, ẹ tan ẹ̀rọ náà, ẹ kọ fáìlì ńlá sí dísíìkì, ẹ kà á padà, ẹ fi wé ti tẹ́lẹ̀. Dráífà tó dára gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ nígbà tó bá ku bíìtì 32 nìkan. Lẹ́yìn náà ẹ yí i padà: ẹ fi `packed=on` lọ̀ ọ́. Bí dráífà yín kò bá mọ ìlà packed, kò gbọ́dọ̀ gba bíìtì 34, iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ máa lọ bíi ti àná.

Láti dán ọ̀nà ìkùnà wò, ẹ fi `iommu_platform=on` sórí ẹ̀rọ PCI, kí dráífà yín sì fi bíìtì 33 sílẹ̀ láìgbà. QEMU kò ní jẹ́ kí FEATURES_OK dúró. Bí kóòdù yín bá kọjá síbi títo ìlà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mọ̀ pé àyẹ̀wò ìgbésẹ̀ 5 kò ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá jí lójú oorun

Bí kọ̀ǹpútà àlejò bá sùn tó sì jí, tàbí tí ẹ̀rọ bá béèrè reset, àdéhùn àtijọ́ ti parí. Ẹ gbọ́dọ̀ gba gbogbo ìgbésẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i, láti ACKNOWLEDGE dé DRIVER_OK, pẹ̀lú FEATURES_OK àti kíkà á padà láàárín. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn apá kẹ́nẹ́lì tó kù ti mọ ẹ̀rọ náà gẹ́gẹ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀: fáìlì sísítẹ̀mù ti mọ ìwọ̀n bulọ́ọ̀kù, ó sì ti gbà pé FLUSH wà. Nítorí náà `d->amuye` àtijọ́ ni kí ẹ tún fi dáhùn. Bí ohun tí ẹ̀rọ fi lọ̀ báyìí kò bá ní gbogbo bíìtì yẹn nínú mọ́, ẹ fi FAILED kún ipò, kí ẹ sì dá àṣìṣe padà fún gbogbo iṣẹ́ tó wà lórí ìlà, dípò kí ẹ gba èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ kí fáìlì sísítẹ̀mù mọ̀.